Òkúta Tí Mo Yọ Lẹ́sẹ̀ Bọ̀lẹ̀kájà Baba Ìdùnnú

Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, ó lè jẹ́ òwú ni wọn yóò fi dí ẹnu tí mo fi jẹun láàárọ̀ yìí kí n tó rí ẹni gbọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Ògbólógbòó, ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, èmi Julianah Adétọ́lá, ìyá Tiwátọ́pẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ẹ mọ̀ sí aláwàdà, tí ẹ ń pè ní Màmá Oníjàpá, èmi ni mo ṣe nǹkan náà. Kì í ṣe Baba Ìdùnnú. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n má baà rí ọ̀nà sá, torí mo mọ ara mi. Bí ẹ bá jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí àwàdà, orí àwàdà náà ni n ó parí rẹ̀ sí. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó dìde, òtítọ́ á sì tún jókòó sínú ikùn mi níbi tó ti ń jẹrà láti ọdún mẹ́fà. Dókítà tó ń wo ọkàn mi n'Iléṣà ní kí n máa rọra mí. Mo ní, "Dókítà, èmi tí mò ń gun àtẹ̀gùn yín bí ewúrẹ́ tó lóyún ìbẹta yìí, ṣé ó tún ku bí n ó ṣe rọra ju báyìí lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè bọ́ bàtà mi. Kì í ṣe ikú fúnra rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mò ń rò ó pé wọn yóò gbé pósí mi kalẹ̀, wọn yóò ní kí ẹni tó mọ̀ mí jáde wá jẹ́rìí, Baba Ìdùnnú ni yóò sì dìde tí yóò sọ pé èèyàn rere ni mí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wá, àwa arúgbó díẹ̀ ni a kó ara wa jọ ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí pé a fẹ́ràn ọkọ̀ tó ti gbó bíi tiwa. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, a máa ń kó tẹ́ǹtì, ẹní àti ìkòkò lọ sí pápá kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn Ẹ̀sà-Òkè, a ó sì sùn níbẹ̀ láti Jímọ́ọ̀ títí di Sọ́ńdè. Àwọn ọmọ wa ní orí wa ti dàrú. Wọ́n ní ta ló ń fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lọ sùn sórí koríko bíi màlúù. Wọn ò mọ adùn rẹ̀. Bàbá Akeem, alága wa, tó bá rélùwéè ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló máa ń gbé ẹ̀rọ olóoru wá, ẹ̀rọ onírin ńlá tí wọ́n fi ń la gẹdú níhà Ikeji-Arakeji láyé àtijọ́. Bó bá ti kó igi sí i, tí omi inú rẹ̀ hó, á máa mí bí akọ màlúù, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni, fèrè rẹ̀ á dún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀sà-Òkè á sì máa sáré bọ̀ wá wòran. Èmi ní tèmi, ìjàpá tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo máa ń wà lọ, ọkọ̀ kékeré roboto. Bí mo bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, ìdí mi ló máa ń kọ́kọ́ wọlé lọ bèèrè àyè, èmi á wá tẹ̀lé e. Barnabas Ọdúntán, tí a ń pè ní Baba Ìdùnnú, àgbẹ̀ kòkó ará Iléṣà, bàbá tí kì í pariwo, a máa gbé bọ̀lẹ̀kájà bàbá rẹ̀ wá, ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi kó kòkó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń rá. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń wọ aṣọ ilé-ìwé. Èmi gan-an ni alárinà wọn.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ àtijọ́ dà bí ọdẹ aṣọ́lé tó ti darúgbó: ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ló ń sùn. Nítorí náà, ọkọ̀ yòówù tó bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ ní òkúta méjì, ọ̀kan lábẹ́ táyà iwájú, ọ̀kan lábẹ́ tẹ̀yìn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ há a, yóò sì pe ẹnì kan wá wò ó. Ẹni náà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. A kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu àgbà tó ẹ̀rí, tàbí bẹ́ẹ̀ ni a rò. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ọdún tí mò ń sọ yìí, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo jókòó sórí àpótí, mò ń jẹ̀kọ, Baba Ìdùnnú sì ké sí mi. Ó ní, "Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo òkúta." Mo ní, "Baba Ìdùnnú, ẹ ò rí i pé mò ń jẹun ni?" Ó ní, "Ẹ gbé ẹ̀kọ yín dání. Ojú yín ni mo nílò." Mo dìde, mò ń ráhùn, ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ wo iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Mo ní, "Méjì pé, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fún un ní ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu mi tó máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo ló kó mi síyọnu. Mo ti fọ́nnu pé èmi ni n ó gún iyán fún gbogbo ẹgbẹ́. Bàbá Akeem ní, "Àwa méjìlélógún? Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ gún ara yín mọ́ iyán." Mo ní, "Alága, Ìjẹ̀ṣà ló bí mi. Ẹ lọ fọwọ́." Iṣu ò tíì rọ̀ tí gáàsì fi tán. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ búrẹ́dì? Èmi? Mo ṣa igi, mo wá òkúta tí n ó fi ṣe ààrò. Koríko ló kún pápá náà. Méjì péré ni mo rí, ìkòkò mi sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Gbogbo èèyàn ti lọ sí ìdí ẹ̀rọ olóoru. Bọ̀lẹ̀kájà Baba Ìdùnnú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkúta dúdú kan, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, wà lábẹ́ táyà iwájú rẹ̀, àfi bí ẹni pé ààrò ni wọ́n dìídì gbẹ́ ẹ fún. Mo wò ó. Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo ní ṣebí ọ̀kan ṣì kù lẹ́yìn; bí iṣu bá ti rọ̀, n ó dá a padà. Mo fi gìgísẹ̀ ta á títí ó fi jáde. Bọ̀lẹ̀kájà náà ní "kẹ̀ẹ̀ẹ̀", bí àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo dúró, n kò mí. Kò lọ síbì kankan. Mo wá rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ gbá a lára, mo ní, "Fara balẹ̀, baba, o ó jẹ nínú iyán."

Iná ń jó, ìkòkò mi jókòó dáadáa. Sẹ̀gilọlá kọjá lọ́dọ̀ mi, ó nà, ó yán. Ó ní, "Júlí, mo fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bí iyán bá délẹ̀, pè mí o, má jẹ iṣu tèmi mọ́ tìẹ." Mo ní, "Lọ sùn, olójúkòkòrò. N ó pè ọ́." Ìsàlẹ̀ bọ̀lẹ̀kájà náà gan-an ni tẹ́ǹtì rẹ̀ wà, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo rí i tó wọlé. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ọkàn mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kí n dá òkúta náà padà, mo sì fi ṣíbí ro ìdí iná, mo ní iṣu ti fẹ́ẹ̀ rọ̀. Ìgbà náà ni fèrè ẹ̀rọ olóoru dún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wòran sáré gun ẹ̀yìn bọ̀lẹ̀kájà kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọ́n tó mẹ́fà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí mí, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, ilẹ̀ rọ̀. Ojú mi ló ṣe: táyà ẹ̀yìn gun orí òkúta kan ṣoṣo tó kù, ó tẹ̀ ẹ́ rì sínú ẹrẹ̀, ó sì kọjá lórí rẹ̀. Èmi tí ariwo mi ń jí odindi àdúgbò, ohùn ò jáde lẹ́nu mi. Bọ̀lẹ̀kájà náà ń lọ jẹ́jẹ́, kò pariwo, bí ẹni tó yọ́ dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí aṣọ tẹ́ǹtì fà ya. Àwọn ọkùnrin fọwọ́ gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí Sẹ̀gilọlá, wọ́n sì fi Píjò Bàbá Akeem sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a ṣèpàdé ní pálọ̀ Bàbá Akeem l'Óṣogbo. Òkúta kan péré ni wọ́n rí nínú ẹrẹ̀. Baba Ìdùnnú jókòó sí etí àga, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Méjì ni mo há." Bàbá Akeem rọra bi í pé, "Ta lẹ pè wò ó?" Ó ní, "Ìyá Tiwátọ́pẹ́." Gbogbo ojú bá yí sí mi. Mo ṣírò ó kíákíá, ọpọlọ olè a máa yá. Bí mo bá ní ó pè mí, wọn yóò bi mí pé ibo ni èkejì wọlẹ̀ sí, èmi tí mo dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Baba Ìdùnnú, ó jọ pé tọdún tó kọjá lẹ ń rántí. Lọ́dún yìí, ẹ ò pè mí." Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀. Ó ní, "N kò pè yín?" Mo ní, "Ẹ ò pè mí, sà." Ó ní, "Ẹ̀kọ ń bẹ lọ́wọ́ yín." Ẹ̀yin èèyàn, ó rántí ẹ̀kọ! Mo ní, "Tọdún tó kọjá ni mo jẹ̀kọ, sà." Baba Ìdùnnú wolẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé orí mi ni."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọkàn tán ara rẹ̀ mọ́. Ìdùnnú ọmọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ bọ̀lẹ̀kájà, kò jà. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn. Ó lọ dá a padà, ó ní òun lè fo ẹsẹ kan láìmọ̀. Sẹ̀gilọlá sọ fún mi pé bó bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á pe òun wá tọ́ ọ wò, á tún bèèrè pé, "Ṣé mo ti kí ọ láàárọ̀ yìí?" Orí rẹ̀ pé o. Èmi ni mo fọwọ́ mi dà á rú. Èmi náà ò sì gbádùn. Bí ẹnì kan bá dárúkọ òkúta, ara mi á bù máṣọ. Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, pásítọ̀ wa ń ké pé, "Ta ni yóò yí òkúta náà kúrò fún wa?" ni mo bá dìde láàárín ìjọ, mo ní ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ìtọ̀ kọ́, ẹ̀rù ni. Mo rò pé ojú mi ló ń wò. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá dúró lórí òkè n'Iléṣà, n kò jẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ ò sì ní lọ kí n má gbé ọbẹ̀ lọ fún Sẹ̀gilọlá. Á ní, "Júlí, kí ni n bá ṣe láìsí ìwọ?" Èmi á dáhùn pé ẹsẹ̀ ò ní tán nílẹ̀ yín. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ẹlẹ́sẹ̀ kan sọ. A ó jọ rẹ́rìn-ín, n ó délé, n ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Lóṣù tó kọjá ni Baba Ìdùnnú wá sílé mi. Ó kọ̀, kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Tiwátọ́pẹ́, mo wá dágbére. Ìdùnnú ti ṣètò yàrá fún mi nílé rẹ̀ ní Dàda Estate l'Óṣogbo. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni n ó kó lọ. Ìta ni wọn yóò ti máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀." Mo pariwo pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹran ni yín ni?" Ó ní, "Ẹ má bá ọmọ náà wí. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Sẹ̀gi á máa wà ní yàrá tirẹ̀. Ẹni tó ba ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ jẹ́, tí kò sì rántí bó ṣe ṣe é, kí ló tún lè ṣe lọ́la? Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má lọ pa á." Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi máa ń bèèrè omi ló fi sọ ọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọbẹ̀, ó sì lọ. Gbogbo ìbẹ̀rù ọdún mẹ́fà, ìbẹ̀rù pé àṣírí mi yóò tú, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Bàbá náà fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ẹ̀wọ̀n lórí irọ́ mi.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo lọ sílé wọn. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Eékún mi dún bí igi gbígbẹ, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti òkúta. Mo sọ ti irọ́. Baba Ìdùnnú ní, "A jẹ́ pé mo pè yín?" Mo ní, "Ẹ pè mí, sà." Ó ní, "Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ yín?" Mo ní, "Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ mi. Orí yín pé. Ó pé nígbà náà, ó pé lónìí." Ó dìde, ó lọ fi iwájú orí ti ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Sẹ̀gilọlá kò sunkún. Ó ń wò mí. Ó ní, "Júlí, lọ́jọ́ yẹn, mo pè ọ́. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mò ń pè ọ́. Mo gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn, n kò gbọ́ tìẹ. Ibo lo wà?"

Ohun tí n kò fẹ́ kọ nìyí. Mo ti kọ ọ́, mo fa ìwé ya lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí tẹ́ǹtì fà ya, gbogbo ènìyàn sáré lọ sísàlẹ̀. Èmi náà sáré. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni mo gbé. Mo bá rántí òkúta dúdú náà, tó jókòó sábẹ́ ìkòkò mi ní gbangba. Mo yí padà. Mo ta ìkòkò náà dànù, iṣu èèyàn méjìlélógún dà sínú eérú. Òkúta náà gbóná. Mo fi ìró wé e, mo gbá a mọ́ ikùn, mo sì kọrí sí igbó. Bó ti ń jó mi lára ni mò ń gbọ́ ohùn Sẹ̀gilọlá: "Julianah! Julianah o! Júlí, gbà mí!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Mo rìn títí mo fi dé etí odò, mo jù ú sómi, ó hó bí ejò. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sá lọ tọ̀. Àpá iná náà wà lábẹ́ ọmú mi títí di òní. Tiwátọ́pẹ́, omi gbígbóná kọ́ ló dà sí mi lára, ọmọ mi. Gbogbo èyí ni mo sọ fún Sẹ̀gilọlá lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbàdúrà kí n lè dárí ji ọkọ mi. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é, Júlí. Ó ná mi ní omijé. Àṣé ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ni mò ń dárí jì." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Máa lọ. Mo fẹ́ jókòó ti ọkọ mi."

Ìdùnnú, má gbé bàbá rẹ lọ síbì kankan. Bí ó bá fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ, ka ìwé yìí sí i létí, tún un kà, títí yóò fi gbà á gbọ́. Bàbá Akeem, ẹ kà á ní pápá lọ́dún yìí níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kí èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n ó wá. Bí ẹ bá ní kí n lọ, n ó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré wá wo ọkọ̀ wa, kò sí ohun tó burú nínú arúgbó tó fọ́nnu tí gáàsì tán mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ó ṣi nǹkan mú lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́jú díẹ̀ ló máa wà tí ẹ ó fi yan ibi tí ẹ ó sáré lọ. Mo ti yan tèmi, ẹ wo ibi tó gbé mi dé. Ẹ sáré lọ bá ẹni tó ń ké. Sẹ̀gi, n kò ní wá sílé rẹ mọ́, n kò ní gbé ọbẹ̀ wá, n kò ní rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ ọ́. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ rẹ, bó o bá fẹ́ kó wà níbẹ̀ títí n ó fi kú, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀ pé o tún pe orúkọ mi, bó ṣe èébú lo fẹ́ bú mi, ibi yòówù kí n wà, n ó dáhùn.